Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú yíyẹ ojú ọmọ ilé-ìwé wò fún àrùn trachoma

Nínú gbogbo àrùn tí ń ranni, kò sí èyí tí ó ń fọ́ ojú ènìyàn ní àgbáyé tó trachoma, tí bàkítéríà Chlamydia trachomatis ń fà. Láti kékeré ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀: bí ó bá ń mú ọmọ léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ á di àpá, àpá náà á súnkì, irun ìpéǹpéjú á yí sínú, á sì máa ha ẹyinjú títí ojú yóò fi fọ́. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń lọ sí ilé-ìwé láti yẹ ojú àwọn ọmọ wò.

Àṣìṣe tí ó burú jù, lójú tèmi, ni kí a ka iye ọmọ tí àmì àrùn hàn lójú wọn ní ilé-ìwé, kí a sì sọ pé bí ó ṣe rí ní gbogbo àdúgbò nìyẹn. Àwọn ọmọ ọdún 1 sí 9 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń díwọ̀n àrùn yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì tó ilé-ìwé lọ, àwọn wọ̀nyí gan-an sì ni kòkòrò náà máa ń pọ̀ sí lójú jù. Nítorí náà, iye tí a kà ní kíláàsì lè kéré sí òótọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ó jẹ́ pé ìgbà tí àmì náà bá hàn lójú ọmọ 5 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n máa ń pín oògùn azithromycin fún gbogbo ará ìlú. Ìwádìí ojúlé dé ojúlé, ní àwọn abúlé tí a fi ìbò mú, ni ó lè fi èyí hàn. Kí àyẹ̀wò ilé-ìwé wà fún wíwá ọmọ tí ó nílò ìtọ́jú àti fún ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó.

Àwọn mìíràn ń fi pátákó lẹ́tà dán ojú ọmọ wò, wọ́n sì ń gbà pé ẹni tí ó kà á tán kò ní àrùn. Ọmọ tí trachoma ń bá jà sábà máa ń ríran kedere. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ojú tó ń bàjẹ́. Ìpéǹpéjú òkè ni a gbọ́dọ̀ yí síta, ní ojú méjèèjì. Nítorí pé ó rọrùn, tí ọmọ kò sì ní ké, àwọn kan a fa ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan. Ìlànà tí Àjọ náà gbé kalẹ̀ ní 1987 ni pé kí a rí kókó kéékèèké 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìdajì mìlímítà, ní àárín inú ìpéǹpéjú òkè, kí a tó sọ pé àmì àrùn wà lójú ọmọ. Èyí tí ó wà ní igun kò sí nínú ìṣirò. Láìsí ìmọ́lẹ̀ tó dára àti awò tí ń mú nǹkan tóbi, àfojúbù lásán ni. Ojú pípọ́n nìkan kò tó, nítorí pé àpólò àti eruku náà ń pọ́n ojú.

Kí ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò fọ ọwọ́ lẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì fi aṣọ kan nu ojú ọmọ méjì.

Lẹ́yìn èyí, àwọn kan máa ń fún ọmọ tí wọ́n rí àmì lójú rẹ̀ ní oògùn, wọn a sì gbà pé ó ti parí. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan lè kó o ràn án padà, eṣinṣin Musca sorbens, tí ń yé sínú ìgbẹ́ ènìyàn tí ó wà ní gbangba, sì ń gbé e láti ojú dé ojú. Nígbà tí Ghana di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gúúsù Sàhárà tí Àjọ náà jẹ́rìí sí pé ó borí rẹ̀, ní 2018, iṣẹ́ abẹ, oògùn, fífọ ojú mọ́ àti ilé ìgbẹ́ ni wọ́n jọ lò.

Ẹ má sì ṣe pe ọmọ tí ipin wà lójú rẹ̀ jáde níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè má padà wá sí ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá rí èyí tí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti yí sínú, èyí tí kò wọ́pọ̀ ní ọjọ́ orí yìí, ẹ má fi ọwọ́ ara yín tu irun náà. Ẹ kọ ìwé fún un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, kí ẹ sì bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ojúkojú.