Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Yẹ Ìròyìn Oògùn Tuntun Wò Kẹ́ ẹ Tó Gbé e Mì

Oṣù Kẹta 2020, fóònù mi ò sinmi. Gbogbo ẹbí ló ń fi voice note ránṣẹ́ pé chloroquine ti borí kòrónà, àwa tá a mọ chloroquine láti kékeré o, oògùn ibà tó jẹ́ pé tá a bá ti lò ó a ó họra mọ́jú. Àǹtí mi ra páálí mẹ́ta. L'Ékòó, àwọn kan lò ó kọjá ìwọ̀n, ọsípítù ni wọ́n bára wọn. Kí irú ẹ̀ tó tún ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́ nǹkan díẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kẹ́ ẹ béèrè pé ta ni wọ́n fi wé. "Lágbájá lò ó, ara ẹ̀ yá" ò tíì tó, torí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí kòrónà mú lara wọn yá náà ni, ì báà jẹ́ omi lásán ni wọ́n mu. Àwọn dókítà ní Britain ṣe ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní RECOVERY, wọ́n pín àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsípítù sọ́nà méjì, kọ̀ǹpútà ló sì ń pín wọn, kì í ṣe dókítà, kó má lọ di pé àwọn tára wọn ṣì le díẹ̀ nìkan ló ń rí oògùn gbà. 1561 gba hydroxychloroquine, tó jẹ́ ìbátan chloroquine, 3155 ò gbà á. Nígbà tó fi máa pé ọjọ́ 28, nínú 100 tó gbà á, 27 ti kú. Nínú 100 tí ò gbà á ńkọ́? 25. Oògùn ọ̀hún ò dín ikú kù.

Ẹ tún béèrè pé irú aláìsàn wo ló wà fún. Ìwádìí yẹn náà ló fi hàn pé dexamethasone, oògùn àtijọ́ tí ò wọ́n, ń gbẹ̀mí là: nínú 100 tó wà lórí ẹ̀rọ tó ń báni mí tí wọn ò gbà á, bíi 41 ló kú, nínú 100 tó gbà á, 29. Àmọ́ ẹni tí ò nílò ọ́síjìn ò rí àǹfààní kankan níbẹ̀, torí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lọ máa lò ó nílé, ẹ má dá a lóhùn.

Tí wọ́n bá pariwo fún yín pé nǹkan kan ń dáàbò boni dé 95%, ẹ ní kí wọ́n ka iye èèyàn. Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára Pfizer, àwọn tó lé ní 43,000 ni wọ́n lò, ìdajì gba abẹ́rẹ́ gidi, ìdajì gba omi iyọ̀. 170 ló kó kòrónà: 162 nínú àwọn tó gba omi iyọ̀, 8 péré nínú àwọn tó gba èyí tòótọ́. Ibi tí 95% ti wá nìyẹn: 8 fi nǹkan bíi 95% dín sí 162.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni o. Ní Ẹdẹ níbí, ní Redeemer's University, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Christian Happi àtàwọn èèyàn ẹ̀ ló ka jíìnì kòkòrò kòrónà, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú kòkòrò náà tó ń sọ irú ẹ̀, lára aláìsàn kòrónà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àbájáde wọn ló kọ́kọ́ jáde ní gbogbo Áfíríkà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹnì kan fi àgbo ìtọ̀ ṣúgà ránṣẹ́ sí Àǹtí mi, ó ní èèyàn ogún ti mu ún, ara wọn dá ṣáṣá. Àǹtí mi dá a lóhùn pé, "Àwọn tí ò mu ún ńkọ́, mélòó ni?"