Kí ẹ tó gba ìwé igbó ní Maryland

Ẹ̀yin ará wa ní Maryland, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ lo igbó fún ìtọ́jú, ọ̀dọ̀ Maryland Cannabis Administration, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó, ló ti máa kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, kó tó gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí. Wọn kì í gba owó orí ọjà lọ́wọ́ aláìsàn bíi ti ẹni tó ń rà á fún fàájì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ò tíì di ọmọ onílùú, ẹ dúró ná! Láti 2019 ni USCIS, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwé ìgbélùú, ti kéde pé lílo igbó lè ba ìwé tí ẹ fẹ́ fi di ọmọ onílùú jẹ́, bí ìpínlẹ̀ tilẹ̀ gbà á láyè. Lọ́yà tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Ẹ má sì dì í sẹ́rù Nàìjíríà o. NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró níbẹ̀, ò mọ ìwé Maryland.