Fóònù olójú méjì: bí ẹ ṣe lè jẹ́ kí ojú e-ink ẹ̀yìn rẹ̀ wúlò fún yín

Fóònù olójú méjì ní ojú lásán níwájú, ó sì ní ojú e-ink lẹ́yìn, ìyẹn ojú dúdú àti funfun tó dà bíi bébà. Ohun tó máa ń jẹ́ kí èèyàn pa ojú e-ink yìí tì ni pé ó gbé iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ fún un. Fídíò, géèmù àti fọ́tò, iṣẹ́ ojú iwájú ni. Ohun tó bá ń dúró lójú kan ni ti ojú ẹ̀yìn: ìwé kíkà, àwòrán ilẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì, àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á. Èérún dúdú àti funfun tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ló wà nínú e-ink. Bí iná bá gba ọ̀nà kan, dúdú á gòkè. Bí iná bá yí padà, funfun á gòkè. Bí wọ́n bá ti dúró síbi tí wọ́n wà, wọn ò tún nílò iná mọ́, ìdí nìyẹn tí àwòrán fi ń wà lójú ẹ̀yìn kódà bí bátìrì bá kú pátápátá. Yíyí àwòrán padà ló ń jẹ iná. Aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá lójú ẹ̀yìn ń sọ gbogbo àǹfààní náà nù. Ẹ jẹ́ kó máa yí ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, kí ìròyìn ojú ọjọ́ sì máa yí lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan tàbí méjì.

Ètò tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe

Ẹ pa dark mode (ètò tó ń sọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ di dúdú) tí ẹ bá fẹ́ kàwé lẹ́yìn. Lẹ́tà funfun lórí dúdú máa ń fi òjìji sílẹ̀ ju lẹ́tà dúdú lórí funfun lọ. Ẹ mú lẹ́tà tó nípọn, nítorí lẹ́tà tínínrín máa ń di eérú lójú e-ink. Nínú áàpù tí ẹ fi ń kàwé, ẹ yan ṣíṣí ojú ewé, ẹ má yan fífà wálẹ̀: bí ẹ bá ń fà á, àwòrán á máa yí láìdúró, yóò sì dọ̀tí. Iwọ̀n lẹ́tà náà ṣe pàtàkì fún PDF. Bí áàpù bá lè tún ọ̀rọ̀ inú PDF tò kó bá ojú kékeré mu, ẹ lò ó; bí kò bá lè ṣe é, ẹ fi PDF sílẹ̀ fún ojú iwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo ìrìnsókè-sódò tí Android ń ṣe bí áàpù bá ń ṣí. Ẹ lọ sí Settings, About phone, kí ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje. Developer options á yọjú. Níbẹ̀, ẹ pa Window animation scale, Transition animation scale àti Animator duration scale. Èyí kan ojú méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú iwájú kò ní ṣe àárò rẹ̀.

Bí òjìji ojú ewé tẹ́lẹ̀ bá ń hàn lábẹ́ tuntun, fóònù kò bàjẹ́. Ọ̀nà tó yára tí e-ink fi ń yí àwòrán padà kì í gbé gbogbo èérún dé ibi tó yẹ. Ẹ wá ibi tí ẹ ti lè sọ fún un pé kó fọ ojú mọ́ pátápátá lẹ́yìn ojú ewé márùn-ún tàbí mẹ́wàá. Ojú á ṣẹ́ dúdú, á ṣẹ́ funfun, á wá mọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ má sọ pé kó máa ṣe é ní gbogbo ojú ewé, ó máa ń yọni lẹ́nu, ó sì ń jẹ bátìrì.

Ohun tó dáa láti rán lọ sẹ́yìn

Kí bátìrì tó kú ní ìrìn àjò, ẹ gbé àdírẹ́sì ibi tí ẹ ń lọ, nọ́ńbà tí ẹ ó pè àti àwòrán ilẹ̀ kékeré kan sójú ẹ̀yìn. Yóò wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi rí ṣájà. Tíkẹ́ẹ̀tì oní-QR náà dára níbẹ̀: ẹ ya screenshot, ẹ gé etí rẹ̀ kúrò kí QR gba gbogbo ojú, kí ó sì jẹ́ dúdú àti funfun gedegbe. Ojú e-ink kì í tàn yòò sí ẹ̀rọ tó ń kà á. Ṣùgbọ́n bí QR bá jẹ́ irú èyí tó ń yí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú iwájú ni kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n, torí èyí tó wà nínú screenshot á ti kú.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni àṣírí. Bí ẹ bá ti fóònù pa, ojú iwájú á ṣú, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn lè ṣì wà fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ẹ má jẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí nọ́ńbà báǹkì máa hàn níbẹ̀. Iye àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé ti tó.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù

YotaPhone àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejìlá 2013, èkejì sì tẹ̀ lé e ní 2014, pẹ̀lú ojú ẹ̀yìn tó fẹ̀ ní íǹṣì 4.7. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti kógbá wọlé ní 2019, nítorí náà kò sí àtúnṣe ààbò kankan mọ́. Ẹ máa kàwé lórí rẹ̀, ẹ má fi áàpù báǹkì sí i. Hisense A6 ti 2018 náà ní ojú méjì, ọjà Ṣáínà ni wọ́n sì ṣe é fún: ẹ wò ó bóyá Google Play ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi síìmù yín dán nẹ́tíwọ̀kì wò kí owó tó jáde.

Lójú ẹni tó ń tà á, ẹ ṣí ojú ewé tó funfun pátápátá lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ẹ ṣí èyí tó dúdú. Ìlà tí kò yí padà, tàbí igun kan tó dúró bí eérú, lè túmọ̀ sí pé gíláàsì inú rẹ̀ ti sán, bí òde rẹ̀ kò tilẹ̀ ní ẹyọ ìlà kan. Ẹ fi ìka fà á láti igun dé igun kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ ní gbogbo ibi. Ẹ gbé e sórí tábìlì títẹ́jú: bó bá ń mì bí ẹni pé ó wà lórí ẹyin, ó ṣeé ṣe kí bátìrì ti wú, bátìrì tó wú sì lè ti ojú ẹ̀yìn títí yóò fi fọ́. Ẹ má rà á.

Ẹ má fi irú fóònù yìí sí àpò ìdí ṣòkòtò, ẹ má sì gbé e sórí kọ́kọ́rọ́, nítorí ojú ni ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Pádì (case) tó bo etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sì ga díẹ̀ ju ojú méjèèjì lọ ló yẹ ẹ́. E-ink kò fẹ́ òtútù pẹ̀lú: bó bá ti ń sún mọ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, yóò lọ́ra, òjìji á sì pọ̀ sí i.

Èyí tó ń bọ̀

Ojú méjì ń gba àyè bátìrì, ó sì ń mú kí fóònù wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi yà sí fóònù tó jẹ́ pé e-ink nìkan ló ní, bíi Hisense A5 ti 2019 àti A9 ti 2022. TCL gba ọ̀nà míì pẹ̀lú NXTPAPER: ojú kan tí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ lè sọ di dúdú àti funfun bíi bébà. Ó tu ojú lára, àmọ́ LCD ni (ojú tí iná ń tàn láti ẹ̀yìn rẹ̀), kì í ṣe e-ink, ó ń jẹ iná ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn. Ẹni tó ń wá bátìrì tó ń pẹ́ kò gbọdọ̀ ṣì í mú fún e-ink.

E-ink aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Kaleido 3 lè fi àwọ̀ 4,096 hàn. Dúdú àti funfun rẹ̀ ń dé 300 ppi (iye àmì kékeré tó wà nínú íǹṣì kan), ti àwọ̀ kò ju 150 lọ, nítorí náà àwòrán aláwọ̀ kò ní mú tó lẹ́tà. Àsẹ́ àwọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wò ó bóyá iná iwájú wà lára rẹ̀. Láìsí i, inú ilé lásán ti ṣókùnkùn jù fún un.