Oṣooṣù ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ mi, òun náà ló sì bà á jẹ́

Owó tí mo ná sórí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì lọ́dún tó kọjá ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ náà, okùn ni wọ́n fi fa ọkọ̀ mi kúrò lójú títì. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé bí ẹ bá ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì léraléra tó ni ọkọ̀ yín ṣe máa pẹ́ tó, ẹ ní kó wá bá mi.

Camry 2004 ni mò ń wà, Big Daddy, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà. Láti Ológunẹ́rù, mo máa ń já àwọn ọmọ sílẹ̀ nílé-ìwé lọ́nà Elẹ́yẹlé kí n tó kọjá síbi iṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá. Ọjọ́ Sátidé, ọjà. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù, ọkọ̀ náà kì í sábà rìn ju nǹkan bíi 350 máìlì lọ.

Mẹ́káníìkì tó ń bá mi tún un ṣe nígbà náà kò bìkítà nípa iye tó rìn. Tí oṣù bá ti parí, á pè mí. Tí mo bá débẹ̀, á fa gééjì, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, á fi àkísà nù ún, á kì í bọ̀ ọ́ padà, á tún fà á yọ, á wá gbé e sún mọ́ mi lójú. "Mọ́mì, ẹ wo bó ṣe dúdú. Ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yìí nọ́ọ̀kù mọ́ wa lọ́wọ́ o." Ta ni yóò gbọ́ pé ẹ́ńjìnì fẹ́ nọ́ọ̀kù tí kò ní fọwọ́ sápò? Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì lítà mẹ́rin jẹ́ ₦26,000, fílítà ₦4,000, owó iṣẹ́ ₦5,000. Ẹ fi méjìlá sọ ₦35,000 di púpọ̀. ₦420,000 lọ́dún, lórí ọkọ̀ tí kì í kúrò n'Íbàdàn!

Ọ̀rọ̀ dúdú yẹn gan-an kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Wọ́n ti po èròjà tó ń fọ inú ẹ́ńjìnì mọ́ ọ́ìlì tó dáa láti ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Èéfín àti ìdọ̀tí tó bá fọ̀ kúrò lára irin, ọ́ìlì náà ló máa gbé e dání, kò ní jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnì. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe tó fi ń dú. Nínú ẹ́ńjìnì tó ti pẹ́, kò níí pẹ́ rárá tí tuntun á fi dú. Bó bá jẹ́ àwọ̀ nìkan la ó máa wò, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ la ó máa pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí iná pupa ọ́ìlì kọ́kọ́ tàn, mò ń sọ̀ bọ̀ láti orí afárá Mọ́kọ́lá ni. Mo tẹ bíréèkì, ó tàn. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó kú. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, inú mi sì dùn títí dòní pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Tí iná yẹn bá tàn, ohun tó ń sọ ni pé ọ́ìlì kò rí agbára dé ibi tó yẹ kó dé nínú ẹ́ńjìnì mọ́. Kò sí pé ẹ jẹ́ kí n ṣáà rọra wà á délé. Gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi wà á, irin ń fi irin ha ara wọn ni.

Wọ́n fa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì yìí. Ó fa gééjì yọ, kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Kò wo abẹ́ ọkọ̀ rárá, ó ní ríǹgì inú ẹ́ńjìnì ti lọ, ọkọ̀ ti ń jẹ ọ́ìlì, kí n lọ wá ₦650,000 fún ẹ́ńjìnì tòkúnbọ̀. Mo ní kò burú. Mo ní kí wọ́n tún fi okùn so ó, kí wọ́n fà á lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí àwọn ará ibi iṣẹ́ mi máa ń lò. Bàbá náà fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀, wọn ò sì pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi pè mí. "Ìyá, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó fúnra yín."

Nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tú kí ọ́ìlì tó lè dà jáde, ìyẹn tí sípánà 14 ń tú, ni wọ́n ń fi hàn mí. Wọ́n ti wé téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò mọ́ ọn lára, wọ́n tún wá fi gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ẹ́ yíká mọ́ sọ́ǹpù, abọ́ irin tó gba ọ́ìlì dúró lábẹ́ ẹ́ńjìnì. Tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti ti ihò rẹ̀, ìyẹn ìlà tí wọ́n fi ń di ara wọn mú, ti jẹ tán. Àwọn ọmọṣẹ́ tó ń tú u lóṣooṣù kì í fọwọ́ lásán dè é padà, páìpù ni wọ́n ń kì bọ sípánà kó lè le dáadáa. Nọ́ọ̀tì kékeré bẹ́ẹ̀! Wọ́n tú u títí, wọ́n dè é títí, ó jẹ. Nígbà tó jẹ tán, wọn ò sọ fún mi. Wọ́n wé téèpù mọ́ ọn, wọ́n gba owó oṣù yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa lọ. Ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ríǹgì tó ní ó ti lọ kò ní àrùn kankan.

Mo lérò pé nǹkan wákàtí méjì ni títún un ṣe máa gbà. Áà! Ibẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá ní kí n lọ ra sọ́ǹpù tòkúnbọ̀, pé ti pé wọ́n fẹ́ fi nọ́ọ̀tì tó tóbi jù ú lọ fipá gba inú ihò náà, àwọn kò ní fọwọ́ sí i, torí ó tún máa jò lọ́jọ́ iwájú. Mo lọ sí ọjà spare parts. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá búra fún mi pé ti Big Daddy ni èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Òótọ́ ló sọ, ti Big Daddy ni, ṣùgbọ́n ti oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà ni, ẹ́ńjìnì 3.0. Kò bá tèmi mu níbì kankan. Mo gbé e padà, ó ní òun kì í dá owó padà, kí n mú nǹkan mìíràn. Kí ni mo fẹ́ fi nǹkan mìíràn ṣe? Mo dúró sí ẹnu ìsọ̀ náà, mo rojọ́ títí àwọn aládùúgbò rẹ̀ fi bá mi bẹ̀ ẹ́, ó sì yọ owó kúrò nínú owó mi kó tó dá ìyókù padà. Èkejì tí mo rà níbòmíràn ti tẹ̀ wọnú lápá kan. Bàbá fi irin tó tẹ́jú wọn ẹnu rẹ̀, wọ́n mirí. Bí ẹnu sọ́ǹpù ò bá tẹ́jú, gọ́ọ̀mù kankan ò lè dá a dúró.

Aràrọ̀mí ní Gate ni mo ti wá rí èyí tó dáa. Ọmọ ìyá bàbá ni wọ́n bá mi fóònù tẹ́lẹ̀, mo sì mú sọ́ǹpù tó jẹ dání lọ, kí ẹni tó ń tà á lè gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀yà ọkọ̀, ẹ gbé ti tẹ́lẹ̀ dání. Ẹ má fi ẹnu lásán ṣàlàyé ọkọ̀ yín fún oníṣòwò.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé kò tíì tán. Nígbà tí wọ́n fi sọ́ǹpù tuntun sí i, ó yẹ kí gọ́ọ̀mù ẹnu rẹ̀ sùn mọ́júmọ́ kó lè gan kí wọ́n tó da ọ́ìlì sí i. Bàbá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lọ sóde òkú. Ọmọṣẹ́ wọn fẹ́ kí n tètè máa lọ kóun lè ráyè fún ọkọ̀ mìíràn, ló bá da ọ́ìlì sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Nígbà tó fi máa di òwúrọ̀, ó ti ń kán láti ẹ̀gbẹ́ méjì. Wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ha gbogbo gọ́ọ̀mù kúrò, wọ́n fi pẹtiróòlù nù ún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ sílé. Bàbá kò gba owó iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ mi, kí Ọlọ́run bù kún wọn, ṣùgbọ́n ta ló máa dá owó ọ̀kadà àti owó táksí tí mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé padà fún mi?

Ọ̀kadà yẹn ni mo wà tí mo fi pinnu pé mi ò ní jẹ́ kí ẹni tó ń ta ọ́ìlì fún mi tún sọ iye ìgbà tí màá ra ọ́ìlì fún mi mọ́. Ọ́ìlì tí wọ́n ń fà yọ gan-an lọ́jà tirẹ̀. Káfíńtà ń ra ọ́ìlì kọndẹ́ẹ̀mù láti fi kun igi òrùlé kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Tèmi tí kò tíì rìn ju 350 máìlì lọ, inú dúrọ́ọ̀mù tirẹ̀ ni mẹ́káníìkì àkọ́kọ́ yẹn ń dà á sí lóṣooṣù.

Ìwé ọkọ̀ kì í sábà bá tòkúnbọ̀ wá, ṣùgbọ́n Toyota Amẹ́ríkà kó ìwé àwọn ọkọ̀ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wa tèmi jáde. Ọ́ìlì 5W-30 (bí ọ́ìlì ṣe ki tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ) ló ní kí n lò, 5,000 máìlì ló sì dá fún un, pẹ̀lú gbèdéke oṣù, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo máìlì yẹn dáadáa. Níbi tí gbogbo èèyàn ti ń sọ "3,000", "5,000" lẹ́nu, kò sẹ́ni tó ń sọ bóyá máìlì ni tàbí kìlómítà. Dáṣíbọ́ọ̀dù tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà, máìlì ló ń kà. 5,000 máìlì súnmọ́ 8,000 kìlómítà, 3,000 máìlì sì tó nǹkan bíi 4,800 kìlómítà. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀.

Mi ò gbé 5,000 máìlì yẹn lódindi. Eruku wa pọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mi sì ti dàgbà. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Elẹ́yẹlé, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, mítà ò kà á. Ìrìn kúkúrú tún burú lọ́nà tirẹ̀. Tí ẹ́ńjìnì kò bá gbóná pẹ́, omi àti pẹtiróòlù tó sẹ̀ wọnú ọ́ìlì kò ní ráyè gbẹ kúrò. Nítorí èyí ni mo ṣe dá tèmi sí 3,000 máìlì tàbí oṣù mẹ́fà. Pẹ̀lú bí mo ṣe ń rìn, oṣù mẹ́fà ló máa ń kọ́kọ́ pé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún.

Ó ní májẹ̀mú kan o: ọ́ìlì gidi. Lẹ́yìn gálọ́ọ̀nù, ẹ wá àmì API, àjọ Amẹ́ríkà tó ń dá ìpele ọ́ìlì. Lẹ́tà tó tẹ̀lé S ni kí ẹ wò. SF wà lórí igbá títí dòní, bẹ́ẹ̀ sì rèé, API fúnra wọn ní kò yẹ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988. SL sókè ni ti ọkọ̀ mi: SL, SM, SN, SP. Èyí tí mo ń rà báyìí jẹ́ ₦45,000, fílítà tó dáa ₦6,000, owó iṣẹ́ ₦5,000. ₦112,000 lọ́dún dípò ₦420,000, ọ́ìlì tó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni mo sì ń lò. Ojú mi ni wọ́n ti ń já ìdérí rẹ̀. Gálọ́ọ̀nù òfìfo, mo máa ń fi ọ̀bẹ dá a lu kí n tó jù ú nù, kí ẹni kankan má bàa rọ ayédèrú sí i.

Bí wọ́n ṣe ń da ọ́ìlì nù tí wọ́n ń da tuntun sí i, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀tì yẹn ni mo máa ń dúró tì. Wọ́ṣà tuntun, ọwọ́ lásán ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi yí i wọlé, kí sípánà wá dè é mọ níwọ̀nba. Ọmọṣẹ́ tó bá mú páìpù dání, mo ti ń pariwo láti òkèèrè.

Láàárọ̀ Sátidé, kí n tó jáde, mo máa ń yẹ gééjì wò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, nígbà tí ẹ́ńjìnì ti tutù. Ẹ má fi oṣù mẹ́fà sílẹ̀ láìwo gééjì, ẹ́ńjìnì àgbà máa ń mu díẹ̀ nínú ọ́ìlì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa Sienna láti Ìkòròdú lọ sí Apapa ní òun náà á máa lo oṣù mẹ́fà. Mo ní rárá. Wákàtí tí ẹ́ńjìnì tiwọn fi ń ṣiṣẹ́ lójú kan nínú gosló, ó ju ohun tí mítà ń kà lọ fíìfíì. Oṣù mẹ́ta ni mo bá wọn dá, wọ́n sì ti kọ ọjọ́ rẹ̀ sára téèpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀.