Bí mo ṣe gbé nọ́ńbà mi lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì, àti ibi tó ti há

Pọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, ìyẹn gbígbé nọ́ńbà lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì, kò gbà ju ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ. Orúkọ ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́dún 2011 tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn lọ forúkọ síìmù sílẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin ló bá mi ṣe tèmi, orúkọ ara rẹ̀ ló sì fi ṣe é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ NIN dé, òun náà ló tún bá mi so ó pọ̀, pẹ̀lú NIN tirẹ̀. Èmi ni mò ń fi nọ́ńbà náà pè láti ọdún wọ̀nyí wá, èmi ni wọ́n ń fi pè, àmọ́ lójú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èmi kọ́ ni mo ni ín. Bí ẹ bá fẹ́ gbé nọ́ńbà yín kúrò níbi kan lọ síbòmíràn, ibi orúkọ yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì lọ tò síwájú ọ́fíìsì kankan.

Àwọn kan á ní, ṣebí fóònù ń gba síìmù méjì, kí ni kò jẹ́ kí o ra òmíràn? Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Nọ́ńbà yìí ló wà lórí BVN mi, òun ló wà lórí NIN mi, òun ni báǹkì ń fi OTP ránṣẹ́ sí. Ẹ yọ òdo iwájú rẹ̀ kúrò, nọ́ńbà àkáǹtì OPay mi ló kù yẹn. Kí n tó yí i padà ní gbogbo ibi wọ̀nyẹn, irun á ti funfun. Ẹni tó bá sì ra síìmù tuntun tó gbàgbé ti àtijọ́ sínú dúróọ̀, kó mọ̀ pé ọjọ́ 180 láìpè, láìlo dátà, ti tó fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ti láìnì náà pa. Bí ó bá tún pé oṣù mẹ́fà míì, wọ́n lè fi nọ́ńbà náà ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, kí OTP yín sì máa wọ fóònù ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí.

Ní Nàìjíríà, láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti fún wa láyè láti máa gbé nọ́ńbà kiri láàárín MTN, Glo, Airtel àti 9mobile tó ti di T2 báyìí. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ fún un. Wákàtí 48 ni wọ́n ní kó má kọjá. Bí ẹ bá ti gbé e, ẹ ò lè tún un gbé títí ọjọ́ 90 á fi pé. Àwọn tó ti London dé máa ń béèrè kóòdù PAC lọ́wọ́ wa. Lọ́dọ̀ tiwọn, láti July 2019, ẹ ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ PAC ránṣẹ́ sí 65075, kóòdù á dé, ọgbọ̀n ọjọ́ ló fi wúlò, ẹ ó fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, ọjọ́ iṣẹ́ kan ni wọ́n máa fi parí rẹ̀. Tiwa kò ní kóòdù. Ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ń lọ ni ẹ ó fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ. Ti àtijọ́ kọ́ ni ẹ ó lọ bẹ̀ pé kó dá yín sílẹ̀.

Èmi ò mọ̀ nípa orúkọ yẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ tán, mo padà sílé, lọ́jọ́ kejì àtẹ̀jíṣẹ́ dé pé wọn ò gbà á, pé àkọsílẹ̀ kò bára mu. Mo bá gba ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ lọ ní Ìbàdàn níbí. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ tẹ nọ́ńbà náà wò, ó tún un tẹ̀.

"Mọ́mì, ta ló ni láìnì yìí?"

"Èmi náà ni."

"Ẹ má bínú, mà. Orúkọ ọkùnrin ni mò ń rí níbí."

Ohun tí wọ́n ń pè ní ìyípadà oníláìnì ni ẹ ó ṣe. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ gbà á ni wọ́n fẹ́ rí, kálukú pẹ̀lú NIN rẹ̀ àti káàdì ìdánimọ̀, kí síìmù náà sì wà nínú fóònù. Ìlọrin ni àbúrò mi ń gbé, ìdí nìyẹn tó fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó dé, wọ́n ní kó tẹ̀ka, èmi náà tẹ̀ka, wọ́n ya fọ́tò mi, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù kan tí àwa méjèèjì bu ọwọ́ lù. Wọ́n tún béèrè nọ́ńbà márùn-ún tí mò ń pè jù. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé kí ẹ tó jáde nílé, torí ní kété tí wọ́n bá gba fóònù lọ́wọ́ yín, kò ní sí nọ́ńbà kankan lórí yín mọ́.

Ti ẹlòmíràn lè má jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Ó lè jẹ́ pé Wálé wà lórí síìmù, Adéwálé wà lórí NIN. Ó lè jẹ́ orúkọ ilé baba lórí ọ̀kan, orúkọ ilé ọkọ lórí èkejì, tàbí kí orúkọ ìdílé àti orúkọ àbísọ ti gbapò ara wọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ náà ló ń tún gbogbo ìyẹn ṣe. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ìgbéyàwó ló fà á, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó dání. Bí ó bá jẹ́ orí NIN gan-an ni àṣìṣe wà, ọ̀dọ̀ NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ, torí síìmù ló ń tẹ̀ lé NIN. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tẹ *996# kí ẹ rí i pé NIN ti so mọ́ láìnì náà lóòótọ́. Èmi tún pe 300, mo ní kí wọ́n ka orúkọ tó wà lórí láìnì náà sí mi létí. Kí wọ́n tó kà á tán ni ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ wá kó ẹrù yín kúrò nínú síìmù àtijọ́. Owó ìpè tó wà lórí rẹ̀ kò ní bá yín lọ. Dátà kò ní bá yín lọ. Bónọ́ọ̀sì, ká má tiẹ̀ sọ ọ́. Ẹ tẹ *310# fún owó ìpè, *323# fún dátà. Èmi fi *321# há ti owó ìpè fáwọn ọmọ, mo wo fídíò lórí YouTube títí dátà fi tán. Bí ẹ bá ti yá owó ìpè, ẹ san án padà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹni tó ń lo láìnì tí wọ́n ń san owó rẹ̀ ní ìparí oṣù gbọ́dọ̀ san gbogbo gbèsè, torí gbèsè wà lára ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ lè torí rẹ̀ kọ̀. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ tó ń pe ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́, bóyá ti ibi iṣẹ́ tàbí ti ìjọ, ẹ ti jáde nínú rẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ńbà àwọn èèyàn tí ẹ tọ́jú sórí síìmù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ìyẹn. Síìmù tí ẹ ń lò yẹn máa kú, ohun tó wà nínú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ ó ní láti tún máa kì í bọ fóònù kí ẹ tó rí i kó. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń tọ́jú nọ́ńbà sí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Import sí, ẹ yan SIM, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ sórí Google. Ìṣẹ́jú méjì ni.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ tún ṣe pàtàkì. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Jímọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má sì lọ lọ́sẹ̀ tí owó oṣù ń wọlé, torí wákàtí díẹ̀ á wà tí OTP kankan ò ní dé. Ọjọ́ Ajé ni mo lọ ní tèmi, láàárọ̀. Mo mú NIN tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé dání, mo mú káàdì ìdìbò, fóònù mi sì wà pẹ̀lú síìmù àtijọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe é lọ́dọ̀ àwọn tó gbé tábìlì sẹ́bàá títì. Ọ́fíìsì gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ rí ibi tí ẹ máa padà sí bí ó bá há.

Wọ́n kọ nọ́ńbà mi àti orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mò ń kúrò lórí fọ́ọ̀mù, wọ́n gba ìka mi, wọ́n fún mi ní síìmù tuntun tí kò tíì ní ẹ̀mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti orí síìmù àtijọ́: PORT, sí 3232. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Bí fóònù yín bá ní síìmù méjì, ó lè jẹ́ pé èkejì ló máa fi ránṣẹ́, ẹ ó sì ti fi nọ́ńbà tí ẹ ò fẹ́ gbé béèrè pọ́ọ̀tì. Ẹ yọ èkejì yẹn jù sínú báàgì títí ẹ ó fi ṣe tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kò ní àmì ìdánudúró, kò ní "jọ̀wọ́", ẹ sì wò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lọ: fóònù tèmi sọ PORT di Post lójú mi. Ẹ fi ₦50 tàbí ₦100 sílẹ̀ lórí síìmù náà títí dìgbà yìí kí owó àtẹ̀jíṣẹ́ má bàa dá yín dúró. Kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì, ẹ rí i pé èsì wọlé pé wọ́n ti gba ìbéèrè yín. Bí èsì ò bá dé, ẹ má lọ sílé lọ retí rẹ̀.

Ìdúró ló kù. Ẹ máa lo síìmù àtijọ́ lọ bí ẹ ṣe ń lò ó. Ẹ má ki tuntun bọ̀ ọ́ ní wákàtí wákàtí láti wò ó bóyá ó ti jí. Àmì tó ṣe kókó ni kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ lọ fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀pá kéékèèké tó wà lókè fóònù mi wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó kọ No service. Mo pa fóònù, mo fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ fa páànù síìmù jáde, mo gbé tuntun sí i, mo tan án. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó mú. Mo tẹ nọ́ńbà mi láti orí fóònù ọmọ mi, ó ró.

Ẹ má tíì jó. Àkójọ kan ṣoṣo ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wò láti mọ ibi tí nọ́ńbà tí wọ́n gbé wà báyìí, kì í sì í ṣe ìgbà kan náà ni gbogbo wọn ń rí ìyípadà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí èèyàn kan láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan pè yín, kí ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tèmi, ìpè ń wọlé láti ibi mẹ́ta, ti ibi kẹrin ń sọ pé nọ́ńbà náà kò sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti yanjú. Bí dátà ò bá ṣiṣẹ́, ẹ wo APN, ìyẹn ètò inú fóònù tó ń so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ lè ṣì wà níbẹ̀. WhatsApp kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà ló mọ̀, kò mọ síìmù.

Báǹkì ló le díẹ̀. Ojú ẹni tó pààrọ̀ síìmù ni wọ́n fi ń wo ẹni tó gbé nọ́ńbà, ẹ̀rù olè sì ń bà wọ́n. USSD báǹkì mi kan dákẹ́, ó di ìgbà tí mo fi káàdì ATM àti PIN tún un ṣe kó tó jí. Ní ti owó ìpè, 0803, 0805, 0802, 0809 tó wà níwájú nọ́ńbà kì í sọ òótọ́ mọ́. Áàpù báǹkì á rí iwájú nọ́ńbà, á yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ fúnra rẹ̀, owó á lọ síbi tí kò sẹ́nikẹ́ni. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, ní gbogbo ìgbà. Àwọn tó ń ta dátà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ "ported number" sí, ẹ máàkì í. Ẹ sì sọ fún ọmọ tó máa ń ra káàdì ránṣẹ́ sí yín. Tèmi ti sun ₦1,000 kó tó yé e.

Bí wákàtí 48 bá kọjá tí síìmù àtijọ́ ti kú tí tuntun ò sì jí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun ni ẹ ó dojú kọ, torí òun ló gba fọ́ọ̀mù yín. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí wọ́n bá ń sọ "ẹ máa ní sùúrù" lójoojúmọ́, ẹ pe NCC lórí 622 láti orí láìnì míì. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn, ẹni tí kò ní in, wọ́n á ní kó padà lọ gbà á ná.

Mo ti fi bírò kọ ìgbà tí ọjọ́ 90 máa pé sẹ́yìn páálí síìmù tuntun, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun náà bá fẹ́ dán mi wò.