Bí LSD ọkọ̀ yín ò ṣe ní tètè kú l'Ékòó

Ariwo ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Mo ń gbé ọkọ̀ wọ kọ̀rọ̀ kan ní Surulere, mo yí sítíárìn dópin, ni ẹ̀yìn ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbà-gbà-gbà-gbà, bíi pé èèyàn ń fi òòlù lu abẹ́ ẹ̀. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ bá ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ kó tó ní diff, ìyẹn àpótí gíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjèèjì lẹ́yìn, ti lọ, ó ní ká lọ wá tòkunbọ̀ ní Ladipo, owó tó sì pè fún mi, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí Mustang ló ní kí n ṣe sùúrù, kí n pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ ná, kí n fi friction modifier, èròjà tí kì í jẹ́ kí pèlétì inú ẹ̀ máa gbọ̀n, sí i. Ìgò kékeré kan báyìí. Ariwo lọ.

Látìgbà yẹn, ẹni tó bá ti sọ pé LSD òun (limited-slip differential, irú diff tèmi yẹn) ti kú, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé ìgbà wo ló pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ gbẹ̀yìn. Wọn kì í rántí. Àwọn míì ò mọ̀ pé ó ní ọ́ìlì tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ wò ó, diff lásán, ẹsẹ̀ tó bá rọrùn láti yí ló ń kó agbára lọ. Ẹsẹ̀ kan bọ́ sínú ẹrẹ̀, òun lá á máa yí ṣáá, èkejì á dúró bí àlejò. LSD ló ń di èyí tó ń yọ̀ yẹn mú kí èkejì náà lè ṣiṣẹ́. Ọdún 1935 ni Ferdinand Porsche ní kí ZF ní Jámánì bá òun ṣe irú ẹ̀ fún ọkọ̀ ìdíje Auto Union, torí agbára ẹ́ńjìnnì yẹn ti pọ̀ jù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan kàn ń yí lásán lórí eré ni.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ mọ irú tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yín. Èyí tó ní pèlétì bíi ti kilọ́ọ̀ṣì ló wọ́pọ̀ lábẹ́ Mustang GT, pèlétì yẹn ló ń jẹ, òun náà ló ń fẹ́ friction modifier. Torsen àtàwọn ẹbí ẹ̀, bíi ti Toyota GT86, gíà lásán ló wà nínú wọn, kò sí pèlétì tó máa jẹ, ọ́ìlì tó dáa ti tó wọn, wọ́n sì máa ń pẹ́ gan-an. Ẹ̀kẹta ni viscous, òun ní sílíkóònù tí wọ́n dé pa sínú ẹ̀, ooru àti ọjọ́ orí ló ń pa á, tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín tàn yín o, ọ̀pọ̀ BMW tí kì í ṣe M (àwọn tí wọ́n ṣe fún eré gidi) ò ní LSD kankan, kọ̀ǹpútà ló ń fi bíréèkì di ẹsẹ̀ tó bá ń yọ̀ mú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi nǹkan di táyà iwájú, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sókè sórí sítáǹdì gidi, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi í sí neutral, ẹ sọ handbrake kalẹ̀, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ yí ẹsẹ̀ kan. Tí èkejì bá tẹ̀ lé e, pèlétì ṣì ń di nǹkan mú. Tó bá ń yí sódì kejì wẹ́rẹ́, pèlétì ti jẹ tán, àbí kó jẹ́ diff lásán lẹ rà. Torsen lè tan yín níbí, òun lè yí sódì kejì kára ẹ̀ sì le.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sókè kẹ́ ẹ wá ṣíná sí ọkọ̀ tó ní LSD kẹ́ ẹ kì í sí gíà. Èyí tó wà nílẹ̀ máa gbà á ni. Ojú mi ló ṣe nílé mẹkáníìkì kan ní Mushin, ọmọ iṣẹ́ kì í sí gíà, ọkọ̀ fò kúrò lórí jáàkì, ó di inú tábìlì ìyá alágbo, ọpẹ́lọpẹ́ pé màmá yẹn ti dìde lọ wá ṣéńjì.

Ó ku ọ́ìlì. Ẹ wa ọkọ̀ bí ogún ìṣẹ́jú kó lọ́wọ́ọ́rọ́ ná, kẹ́ ẹ wá gbé e síbi tó tẹ́jú. Nọ́ọ̀tì òkè tí wọ́n ń gbà bu ọ́ìlì sí i ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é sódì, tó da ọ́ìlì nù tán, tí nọ́ọ̀tì òkè wá kọ̀ jálẹ̀, ibẹ̀ lọkọ̀ ẹ̀ máa sùn.

Tí ọ́ìlì bá ti ń já bọ́, ẹ fara balẹ̀ wò ó, ibẹ̀ ni gbogbo àṣírí wà. Máginẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà lórí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ẹ fi ìka pa á. Tí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá kúnná bíi tìróò, kò séwu, bó ṣe ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Tó bá ń gún yín lọ́wọ́, tẹ́ ẹ rí ègé irin, ẹ má dé e padà, eyín gíà àbí bíárìn ti ń ṣẹ́.

Tí ọ́ìlì bá wá funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́, èyí ló ń pa tiwa jù l'Ékòó. Diff ní ihò kékeré kan tó fi ń mí. Ẹ ti sáré dáadáa lórí Third Mainland, diff ti gbóná, ẹ dé Island, òjò ti kún ọ̀nà, ẹ bọ́ sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ bá sún kì, ó sì fa omi wọlé gba ihò yẹn àbí etí síìlì. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó lè tó oṣù díẹ̀ kí bíárìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Èmi, omi tó bá ti bo diff mi, mi ò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn parí tí mo fi máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì, mo sì máa ń tu ihò mímí yẹn kí ẹrẹ̀ má dí i.

Ọ́ìlì tẹ́ ẹ máa rà, GL-5 ni, 75W-90 àbí 75W-140, èyí tí ìwé ọkọ̀ yín bá ti sọ. Tí wọ́n bá kọ LSD sára ìgò, modifier sábà máa ń wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má tún da òmíì lé e. Tí ò bá sí nínú ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í, torí tó bá pọ̀ jù, pèlétì á máa yọ̀, LSD yín á di diff lásán. Ẹ má ra ọ́ìlì tí èdídì ẹnu ẹ̀ ti já, kọ̀ńdẹ́mù ọ́ìlì tí wọ́n sẹ́ ló pọ̀ nígboro. Ẹ fi wáṣà tuntun dé ìsàlẹ̀, ẹ wá fi pọ́ǹpù fa ọ́ìlì sí i títí tó fi máa ṣàn padà lẹ́nu ihò òkè, bó ṣe kún nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀.

Fún ọkọ̀ tó kàn ń rìn ìgboro, mo máa ń ṣe é ní nǹkan bíi kìlómítà 30,000. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ yí gìrìgìrì lóru, ẹ dín in kù dáadáa, ooru tẹ́ ẹ ń fún ọ́ìlì yẹn kì í ṣe kékeré.

Táyà ńkọ́? Táyà ẹ̀yìn kan bẹ́, fọkanáísà bá bá yín wá tòkunbọ̀ kan tó ga ju èkejì lọ. Gbogbo ọ̀nà lẹ wá ń lọ́ pèlétì yẹn, títí kan ojú títì tó lọ tààrà, torí ẹsẹ̀ méjèèjì ò yí iye kan náà mọ́. Méjì méjì ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, orúkọ kan, sáìsì kan. Sípíà tín-ín-rín yẹn, ẹ má fi í sẹ́yìn rìn jìnnà. Ẹni tó bá sì ní òun máa bá yín wẹ́dì diff pa kẹ́ ẹ lè máa drift, ẹ kí i pé ó dàárọ̀ jàre, ṣáàfù àti táyà yín ló máa san án.

Tẹ́ ẹ bá ti bu ọ́ìlì tuntun sí oní-pèlétì, ẹ wá ibi tó ṣófo, kẹ́ ẹ rọra yí ọkọ̀ bíi figure 8, bí ìgbà mẹ́wàá, kí ọ́ìlì lè wọ àárín pèlétì. Àárọ̀ Sunday ni mo ṣe tèmi, nínú kọ́ḿpáǹdì ilé ìtajà kan tí wọn ò tíì ṣí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, mẹ́gàdí jáde wá, ó dúró wò mí títí, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀ ń wá géètì ni?"