Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣètò fóònù yín kí omi Odò Ògùn má bàa ká yín mọ́lé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Isheri, Àkútè, Ajégúnlẹ̀ títí dé apá Máìlì 12, ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ṣí omi ní dáàmù Ọ̀yán, ọ̀dọ̀ yín ló ń gbà kọjá, òjò lè má rọ̀ lọ́dọ̀ yín rárá o, omi á kàn máa wọlé bọ̀ ni. Fóònù lè ta yín lólobó, àmọ́ ìsinsìnyí tí ilẹ̀ ṣì gbẹ ni kẹ́ ẹ ṣètò ẹ̀.

Ẹ tan location kí fóònù lè mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa á torí bátìrì, ẹ jẹ́ ó jẹ ẹ́ lásìkò òjò jàre. Ẹ wá Google Flood Hub lórí Chrome, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fa máàpù ẹ̀ wá sí àdúgbò yín, ẹ tẹ àmì tó súnmọ́ yín jù lórí odò, á fi bí omi ṣe máa ga sí hàn yín, ó lè tó ọjọ́ 7 ṣáájú. Odò ló ń wò o, tó bá jẹ́ gọ́tà tí wọ́n da ìdọ̀tí sí ló kún, ẹ má retí pé Google á sọ.

Èyí tó ká mi lára jù ni bẹ́ ẹ ṣe máa júwe ilé. "Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, géètì dúdú" ò wúlò fẹ́ni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi bọ̀ lóru. Ẹ ṣí Google Maps níwájú ilé, ẹ tẹ àmì búlúù roboto tó dúró síbi tẹ́ ẹ wà, ẹ máa rí lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ní àmì + láàárín, òun ni wọ́n ń pè ní plus code. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri, ẹ fi tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn ọmọ, ẹ má yọ orúkọ ìlú tó tẹ̀ lé e o, torí láìsí ìyẹn ẹni tó wà níbòmíì lè má rí i.

Inú Google Maps náà, ẹ tẹ fọ́tò yín lókè, ẹ yan Offline maps, kẹ́ ẹ daunlóòdù àdúgbò yín àti ọ̀nà tó lọ síbi tó ga. Kódà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ, GPS ò nílò dátà.

Tómi bá ti ń bọ̀, ẹ fi live location WhatsApp ránṣẹ́, ìyẹn èyí tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà hàn bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, ẹ yan wákàtí 8, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan tó wà níbi tómi ò dé ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe gúrúùpù táwọn èèyàn ti ń ta ọjà. Ẹ pe 112, ní Èkó 767 náà ń ṣiṣẹ́. Kómi tó dé ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ti pa iná láti ìdí mítà.